Mo há sí ọ̀sẹ̀ kẹrin ẹ̀kọ́ CS50, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ti Yunifásítì Harvard, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí olùkọ́ bá sáré jù, mo lè dá fídíò padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò sẹ́ni tí yóò pè mí ní olódo. Níléèwé wa àtijọ́, ta ló tó bẹ́ẹ̀!

Àmọ́ dátà ń jẹ owó mi, iná náà kì í dúró. Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi nìkan ni mò ń kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin yìí, pointer (ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà) inú C, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti dá mi dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá báyìí. Mo sunkún lálẹ́ àná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ parí, ṣé kí n fò ó ná? Níbo lẹ ti rí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kàwé? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ jáwọ́.