Oògùn ni mo kọ́kọ́ ń lò, ìgbà wo ló di bíbóra?

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fáàrí ló ń pa gbogbo abóra. Ilé ìwòsàn ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì àti òkè ètè ṣú, bí ẹni fọwọ́ èédú nujú. Mo bímọ tán, kò lọ. Dókítà awọ ní melasma ni, pé oyún àti oòrùn ló fà á. Ó kọ ìpara hydroquinone, èyí tó ń mú àwọ̀ pọ́n, fún mi, ìdá 4 nínú 100: alẹ́ nìkan, ojú àpá nìkan, oṣù mẹ́ta péré, kí n sì máa fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa ojú lójúmọmọ.

Ó ṣiṣẹ́ o! Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ìyá ọkọ mi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú: "Ìyàwó mi, o mà ń pọ́n bọ̀!" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ìpara sójú àpá tán, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ lórí ìka. Mo fi pa iwájú orí, kó má baà ṣòfò. Lọ́jọ́ kejì, ó kan ọrùn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀dọ̀ ìyá kan lọ́jà ni mo gbà lọ, tó ń po tirẹ̀ sínú ike. (Tọ́nìn ló ń pè é. Ẹ ò ní gbọ́ "bíbóra" lẹ́nu ẹ̀ láé.)

Gbogbo ara gbà, oríkèé ìka nìkan ni kò gbà. Ojú pọ́n, oríkèé ìka dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i: "Mọ́mì, ẹ lọ fọwọ́."

Mo ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: àpá ìjọ́sí yẹn, ṣé àìsàn ni? Kò dùn mí, kò yún mi. Dókítà fúnra ẹ̀ ní kì í ṣe nǹkan tó ń pààyàn. Ojú ló ń tì mí, mo sì fẹ́ rẹwà padà. Ohun tí mo bá lọ sọ́dọ̀ dókítà náà ni mo bá lọ sọ́jà.

*

Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà. Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọn ò gbọdọ̀ ta hydroquinone yẹn láìsí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́, wọ́n á bá yín mú un lábẹ́ káńtà. Àpá yẹn ńkọ́, ṣé ó lọ?

*

Ó ti padà, àbúrò. Ó tún wá ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.