Kí ni kí n rà fún Màmá dípò mínírà? Ẹ tètè dá mi lóhùn

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà dé ni. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá ti lọ sókè, wọ́n ní kí wọ́n má fẹnu kan mínírà mọ́. Sátidé yìí ni ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi, Màmá ò sì lè jẹun láìsí ẹlẹ́rìndòdò. Kí ni kí n rà?

Ìyá Ìbejì: Zobo ni, àbúrò mi. Lọ sí Bódìjà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ata gbígbẹ, kó o ra ìṣápá pupa. Ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, sè é pẹ̀lú kànáfùrù àti ata ilẹ̀. Má fi ṣúgà sí i o.

Akin Ọ̀jọ́ọ̀: Zobo kẹ̀? Lọ́dún tó kọjá mo ra ti inú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mò ń bì, mò ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń fa omi sí mi lára. Ta ló mọ omi tí wọ́n fi lú u, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ṣa ike? Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn ẹ̀, inú mi á dà rú.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Àbúrò mi obìnrin náà jẹ irú ìyà yẹn. Ẹ má rà á!

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ èyí tó máa sè fúnra ẹ̀ ni mo sọ, kì í ṣe ti títì.

Akin Ọ̀jọ́ọ̀: Ta ló ń ráyè sè é nígbà ìnáwó? Alásè ni wọ́n máa gbé e fún.

Bàbá Rẹ̀mí: Ẹ ra málíìtì fún wọn. Kí wọ́n fi mílíìkì sí i.

Nọ́ọ̀sì Adé: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà ni wàhálà Màmá, ó sì wà nínú málíìtì dáadáa. Ike mínírà 50cl kan lè ní ju gíráàmù 50 lọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá bíi 50 lóòjọ́, 25 ló tiẹ̀ dáa jù. Ẹ ka ara ike. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìṣápá máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹ bi dókítà kí wọ́n tó máa mu ún lójoojúmọ́.

Táyélolú: Ìjọba pàápàá mọ̀. Ní 2022, wọ́n fi owó-orí náírà 10 lé lítà mínírà kan. Ó kéré jù lójú tèmi.

 

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo gbàgbé láti sọ. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ní àwọn ò mu ewé kankan, ohun tó ń ta lọ́nà ọ̀fun làwọn fẹ́. Mo ti ra páálí mínírà kan, èyí tí wọ́n kọ "zero sugar" (kò sí ṣúgà) sí lára, fún Sátidé nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀, omi tútù tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ni. Wọ́n ti mu kọ́ọ̀bù kan tán báyìí.

Ìyá Ìbejì: Mínírà náà lo tún padà sí?