Àwo orin bàbá wa ní Iléṣà: ká tà á ni, àbí ká tọ́jú ẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÌsọ̀kùn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá wa fayé sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, a ti ṣe gbogbo ètò tán. Ní báyìí, ẹbí ti fẹnu kò pé ká fi yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ní Ìsọ̀kùn háyà, yàrá yẹn gan-an sì ni àwo orin wọn wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: 263. Ńlá wà, kékeré wà, àwọn kan sì tún wà tó wúwo bí abọ́ tánńganran. I.K. Dairo ló pọ̀ jù (ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ṣáà ni, bàbá ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé ẹ̀). Obey wà, Sunny wà, Haruna Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà, orin ìjọ, orin òyìnbó. Rédíógrámù wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Adìyẹ ti yé sínú ẹ̀ rí.

Ọkùnrin kan ní Èkó rí fọ́tò wọn lórí WhatsApp, ó lóun á kó gbogbo ẹ̀ ní ₦150,000, òun á sì gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn àbúrò mi ní ká gbà. Ọkàn mi ò kàn gbà á ni, mi ò sì lè sọ ìdí ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dáAláwo_Lágere

Sátidé wo? Ẹ ní kó fara balẹ̀ ná. Ẹni tó fẹ́ gbé mọ́tò láti Èkó wá kó ohun tí kò tíì fọwọ́ kàn, ojú ẹ̀ ti rí nǹkan kan nínú fọ́tò yẹn.

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ra àwo, tí mo ń tà á, ohun tí mo sì rí ni pé nínú igba àwo, ó lè má ju mẹ́wàá lọ tó gbé owó dání. Èyí tí gbogbo ilé ní nígbà náà kì í gbówó lórí, àfi tó bá ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Èyí tí wọn ò rà nígbà náà làwọn òyìnbó ń wá kiri báyìí. Ẹ wo William Onyeabor ti Enugu. Láàárín 1977 sí 1985 ló ń fúnra ẹ̀ gbé àwo jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí. Ní 2013 ni iléeṣẹ́ kan ní New York kó orin ẹ̀ jọ, tí wọ́n tún un tẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bá ojúlówó ẹ̀ nínú àjà, ẹ kí i kú oríire. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fẹlá: èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà láyé ọjọ́un kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n tún tẹ̀ lókè òkun. Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹgbẹ́ olórin kéékèèké, ti iléèwé, ti ìjọ, tẹ́ ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn rí, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Láàárín ibi tí orin parí sí àti pépà àárín àwo, wọ́n fín lẹ́tà àti nọ́ńbà síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára pépà, kẹ́ ẹ wá a lórí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ti ń ra àwo tí wọ́n sì ń tà á. Iye tí wọ́n ti tà á ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi iye tí wọ́n ń pè é sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwo sábẹ́ iná kẹ́ ẹ yẹ ojú ẹ̀ wò. Èyí tí ọ̀bẹ ìfárungbọ̀n bá ti kọjá lórí ẹ̀ (ẹ máa rí i, àwọn ọmọdé ò dára), kò sówó níbẹ̀. Páálí ẹ̀ náà lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má dà á nù nítorí pé eku ti jẹ etí ẹ̀.

Ìyá_Ilárẹ̀

Àbúrò, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ ire.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí bàbá tèmi lọ, a pe àwọn tó ń ra ìdọ̀tí irin àti ike, a kó àwo fún wọn. Owó tí wọ́n san ò ra àpò gàrí kan. Ọdún kẹfà ẹ̀ ni ọmọ mi ń gbọ́ sákárà kan lórí fóònù, mo sì gbọ́ orúkọ bàbá mi, orúkọ ẹgbẹ́ wọn, àti orúkọ ìyá tó bí wọn. Olórin ń kì wọ́n! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A ní àwo yẹn nílé láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Àwọn olórin wa ò kọrin lásán láyé ìgbà yẹn, ẹni tó náwó ni wọ́n ń kì, ẹgbẹ́ tó pè wọ́n ni wọ́n ń dárúkọ. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ni Haruna Ìṣọ̀lá fi àwo kan kì ní 1971, gbogbo ayé sì mọ ẹgbẹ́ náà títí dòní. Ẹgbẹ́ wo ni bàbá yín ń ṣe? Ẹ wádìí kí ọlọ́kọ̀ Èkó tó dé.

ÒṣómàálóKékeré

Ẹ má bínú sí mi o, èmi wà lẹ́yìn àwọn àbúrò. Àwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, oúnjẹ ikán ni. Mo mọ ilé mẹ́ta ní Iléṣà tí wọ́n ń tọ́jú "ogún bàbá" títí òrùlé fi jò sí i. Tẹ́ ẹ bá máa gbọ́ ọ, ẹ tọ́jú ẹ̀. Tí ẹ ò bá ní gbọ́ ọ, ẹ tà á fún ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tà á lápapọ̀. Ẹ má sì gba "màá fi ìyókù ránṣẹ́". Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ mọ ohun tí òṣómàáló túmọ̀ sí: èèyàn kì í fìdí jókòó gba owó ẹ̀, orí ìlóṣòó ni! Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan, kí gbogbo ọmọ bàbá fọwọ́ sí i kí ẹyọ kan tó jáde. Ìjà lórí àwo burú ju ìjà lórí ilé lọ, torí kò sẹ́ni tó ní ìwé ẹ̀.

Atẹ́rọṣe_Mọ̀ọ́rè

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá tà á, tí ẹ ò tà á, ẹ kọ́kọ́ dá wọn dúró. Mo wo fọ́tò yẹn, ẹ tò wọ́n léra bí búrẹ́dì. Ti ìsàlẹ̀ á ká kò. Ńṣe ni kí wọ́n dúró gbọnrangandan bí ìwé lórí pẹpẹ, kí oòrùn fèrèsé má sì dé ibẹ̀.

Àwọn tó wúwo bí abọ́ yẹn, 78 ni wọ́n, ìyẹn àwọn tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Wọn kì í ṣe ike. Oje kòkòrò wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n, tó bá jábọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Ẹ má fi sípíríìtì nù wọ́n láéláé, á bó wọn lára. LP, ìyẹn àwọn àwo ike ńlá, ni kẹ́ ẹ fi omi bátìrì fọ̀ (omi o, kì í ṣe ásíìdì!) pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀, kẹ́ ẹ máa nù ún yípo bí ìlà ẹ̀ ṣe lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi kan pépà àárín.

Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ inú rédíógrámù yẹn gbọ́ nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tán, ọ̀bẹ ni. Ti 78 tún yàtọ̀, ó nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP.

Tíṣà_Modákẹ́kẹ́

Ọ̀rọ̀ kúkurú. Ẹ gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ta èyíkéyìí, Audacity tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ò gbowó. WAV, irú fáìlì tí kì í dín ohùn kù, ni kẹ́ ẹ fi pa á mọ́, ẹ má ṣe MP3 nìkan. Kí ẹbí máa gbọ́ ọ nílé, kò séwu. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ gbé e sórí YouTube, ẹ ṣọ́ra: nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, 50 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí àwo kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀tọ́ orí ohùn inú ẹ̀ tó parí, ti ẹni tó kọ orin sì tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ỌmọÌsọ̀kùn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni Èkó pé mo fẹ́ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ ná, ló bá ní òun á san ₦400,000, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ jókòó tì í. A ti rí mọ́kànlá tó jọ pé owó wà lára wọn. Méjì nínú wọn, orin iléèwé ni, Bọ̀dáAláwo, màá fi fọ́tò wọn ránṣẹ́. Àwọn yẹn la máa tà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Orin òyìnbó, ẹni tó bá fẹ́ kó wá kó o. Tàwọn Dairo ò lọ síbì kankan, àbúrò mi ló máa gbé wọn lọ sílé ẹ̀.

Ìyá wa ní Ilárẹ̀, a wádìí. Ọ̀rẹ́ bàbá kan tó kù láyé ní olórin kan kì ẹgbẹ́ wọn, ó sì fọwọ́ sọ àwo náà: ọ̀kan nínú àwọn 78 ni. Ó ti sán láti etí dé àárín, ṣùgbọ́n kò tíì já. A ò tíì gbọ́ ọ. Ta ló ní abẹ́rẹ́ 78 nítòsí?

Atẹ́rọṣe_Mọ̀ọ́rè

Èmi ni. Ẹ gbé e wá sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ẹ̀ẹ̀kan la máa gbọ́ ọ, torí ibi tó sán yẹn, kí kọ̀ǹpútà ti wà nílẹ̀. Ẹ gbé e lé itan, ẹ má fi sínú bùútù.