Ẹsẹ̀ Leaf mi ń dún: ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi nílé?

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Nissan Leaf ni mo ń wà, ti ọdún 2014, bátìrì 24 kWh. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ti ń dún "kò, kò". Mo gbé e lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí ìjọba ń béèrè níbí, ó yege, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé rọ́bà kan ti ń gbó níbẹ̀, kí n máa ṣọ́ ọ. Gárééjì àkọ́kọ́ tí mo dé ní àwọn kì í fọwọ́ kan mọ́tò oníná. Èkejì gbà láti ṣe é, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè, àga ni mo wá jókòó lé.

Mo ti ra línkéèjì méjì sílẹ̀, ọ̀tún àti òsì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ẹsẹ̀ mọ́ irin adúróṣinṣin, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́), torí mo gbà pé òun ló ń dún. Mo ní jáàkì, mo ní sípánà, iwájú ilé mi sì tẹ́jú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni iná. Bí mo bá wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí, ṣé iná bátìrì ò ní gbé mi? Ìyàwó mi ti ní bí mo bá kú síbẹ̀, òun ò ní sọ ohun tó pa mí fún àwọn ará ilé.

Àdùkẹ́, London

Bọ̀dá mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Mọ́tò oníná kì í ṣe Corolla. Iná tó wà níbẹ̀ lè pa ẹṣin. Ẹ san owó yẹn, kí ẹ lọ sùn.

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀, Mushin

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ rọra. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Ládípọ̀ láti ọdún mọ́kànlélógún. N kò tíì tú Leaf rí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àmọ́ irin àti rọ́bà ò mọ̀ bóyá epo ni ọkọ̀ ń mu tàbí iná.

Bàbá Ìbejì, ta ló sọ fún yín pé línkéèjì ni? Ẹ ti lọ ra ọjà kí ẹ tó mọ àìsàn. Ẹ dáhùn èyí ná: ìgbà wo gan-an ló ń dún? Ṣé ojú títì tó rí págunpàgun ni, tí táyà kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀? Àbí ìgbà tí ẹ bá tẹ búrékì, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tàbí tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn?

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ní báyìí tí ẹ béèrè, mo gbé e jáde láàárọ̀ yìí mo sì tẹ́tí. Lórí bọ́ǹpù, kì í fi bẹ́ẹ̀ dún. Ìgbà tí mo bá gbéra ló ń ṣe "kò!" lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, tí mọ́tò ń fa ara rẹ̀ dúró láti dá iná padà sínú bátìrì, ó tún ń ṣe "kò!" míì. Bí mo bá fi ẹ̀yìn rìn jáde nílé, ó tún dún.

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀, Mushin

Ó tán. Kì í ṣe línkéèjì. Búṣì lower arm ni, tẹ̀yìn nínú méjèèjì. Lower arm ni apá irin ìsàlẹ̀ tó so ìdí táyà mọ́ ara ọkọ̀; búṣì ni rọ́bà tó wà níbi tí apá náà ti so mọ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, táyà fẹ́ sá síwájú. Bí ó bá ń dúró, táyà fẹ́ sá sẹ́yìn. Búṣì yẹn ló ń dá a dúró. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti ya, irin á máa kọlu irin. Línkéèjì ní tirẹ̀ kì í sábà pariwo bí kò bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń mì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ fi kúrobà kékeré ti lower arm yẹn síwá sẹ́yìn, kí ẹ máa wo búṣì. Bí ẹ bá rí i tó ń sún, tí rọ́bà ti pín, ẹ ti rí ọ̀tá yín.

Ìyá Tómi, Manchester

Ọ̀gá ti sọ ọ́ re. Leaf lèmi náà ń wà, iṣẹ́ iná sì ni mò ń ṣe jẹun, torí náà ẹ jẹ́ n mú apá ti iná. Bátìrì ńlá yẹn, bíi 360 fólítì ni, ó lè pa èèyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú àpótí irin tí wọ́n dí pa lábẹ́ ìjókòó ló wà, wáyà tó ń gbé iná rẹ̀ sì ní àwọ̀ ọsàn rokoso. Ẹ ò ní fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan lórí iṣẹ́ yìí, kò sídìí. Ẹ pa ọkọ̀ pátápátá, ẹ yọ wáyà ṣáájì, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà kí mọ́tò má baà jí nígbà tí ẹ wà lábẹ́. Ó tán nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìwúwo. Leaf yẹn tó nǹkan bíi 1,500 kìlógírámù, bátìrì nìkan sì tó bíi 300 nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ti jáàkì sí abẹ́ bátìrì láéláé. Etí irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí wọ́n gé àmì sí, ni kí ẹ ti gbé e. Bí ó bá ti gbéra, ẹ ki sitándì sábẹ́ rẹ̀. Èèyàn kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí mo mọ ẹni tó ṣe é: ẹ má gbọ́kàn lé P, gíà ìgbọ́kọ̀sí. Táyà iwájú nìkan ni P ń dè nínú Leaf. Bí ẹ bá gbé iwájú sókè, táyà ẹ̀yìn ò ní ohunkóhun tó dì í mú. Ẹ tẹ búrékì ìgbọ́kọ̀sí, kí ẹ sì fi igi há táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn.

Àdùkẹ́, London

Hmm. Mo ti gbọ́. Àmọ́ mi ò ní wọ abẹ́ ẹ̀.

Délé, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé kì í ṣe búṣì nìkan ni ó yẹ kó rà? Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀.

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀, Mushin

Àbúrò, wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tẹ búṣì jáde ńkọ́? Ṣé iwájú ilé ló máa gbé e sí? Àwa tí a ní i níbí ni a lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó ra odindi lower arm pẹ̀lú búṣì méjèèjì àti ball joint rẹ̀, ìyẹn oríkèé tó so apá náà mọ́ ìdí táyà. Kí ó ra ọ̀tún àti òsì pọ̀, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn.

Bàbá Ìbejì, bí ẹ ṣe máa tú u nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ da òróró atúpẹtà sórí gbogbo bóòtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti wọlé. Ẹ wo ibi tí ball joint ti wọlé. Bí bóòtù kan bá fún un mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ bóòtù yẹn pátápátá, kí ẹ la ojú rẹ̀ díẹ̀, yóò jábọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní nọ́ọ̀tì lórí, ẹ má ṣe lu orí ìṣó rẹ̀, ẹ ó bà á jẹ́. Ara irin tó yí i ká ni kí ẹ fi hámà lù gbàà, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Òun fúnra rẹ̀ á já. Bí línkéèjì bá dí yín lọ́nà, ẹ rí i pé táyà iwájú méjèèjì wà lókè; bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá wà lókè, irin adúróṣinṣin yẹn á máa ta kú.

Ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣi í wá dé. Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá fi lower arm tuntun sí i, ẹ má ṣe dé bóòtù búṣì pa nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro! Rọ́bà búṣì kì í yí bíi bẹ́áríìnì, ó lẹ̀ mọ́ irin tinútòde, ńṣe ló ń lọ́. Bí ẹ bá dè é pa níbi tó ti rọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà á lọ́ pa, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà tọ̀sán-tòru. Oṣù díẹ̀, á ya. Ẹni náà á wá máa bú ẹni tó tà á fún un pé ayédèrú ni. Ẹ kàn fọwọ́ yí bóòtù wọlé ná. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà ní ipò tó máa ń wà bí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ ni kí ẹ tó dè é gbọin.

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ọ̀gá, bí ọkọ̀ bá ti wà nílẹ̀, ọwọ́ mi ò ní dé ibẹ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ìyá Tómi, Manchester

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè rárá, ẹ wọn ọ̀nà láti àárín táyà dé etí irin tó bò ó lókè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá di ìgbà ìdè, ẹ fi jáàkì gbé ìdí ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀, níbi ball joint, títí ìwọ̀n yẹn yóò fi padà pé. Sitándì ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹ dè é nígbà náà. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú, ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀mejì, tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ìwọ̀n ìdè bóòtù kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀. Ẹ yá torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára ìdè, lọ́wọ́ ẹnìkan bí ẹ ò bá ní.

Bàbá Ìbejì, Leeds (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

Mo ti dé o, mo ṣì wà láàyè, kí Àǹtí Àdùkẹ́ fọkàn balẹ̀.

Búṣì ni lóòótọ́. Nígbà tí mo yọ ti òsì, rọ́bà rẹ̀ ti ya yípo, ó kù díẹ̀ kó já. Ti ọ̀tún ń ya lọ. Ìwọ̀n mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú kọnkéré kí n má baà gbàgbé. Bóòtù kan ṣe agídí fún wákàtí kan àbọ̀; páìpù gígùn tí mo ki bọ ìdí sípánà ló gbà mí. Ti òsì gba gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ti ọ̀tún ò tó wákàtí méjì.

Ẹ̀rù bà mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ń dé bóòtù ẹ̀yìn pa nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀, àfi bí mo ṣe rántí ariwo Ọ̀gá. Mo tú u padà.

Ariwo ti lọ. Mo ti ṣètò láti gbé e lọ fún alignment, kí wọ́n tọ́ táyà rẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, torí stẹ́ríǹgì ń tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: línkéèjì méjì tí mo rà yẹn ńkọ́? Ilé ìtajà ní àwọn ò gbà á padà.

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀, Mushin

Ẹ fi ọ̀rá wé wọn, kí ẹ tọ́jú wọn. Pẹ̀lú iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì yín nígbà òtútù, ẹ ṣì máa lò wọ́n.