Gbogbonìṣe kọ́ ni all-rounder: ọ̀rọ̀ méjì la nílò, kì í ṣe ẹyọ kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí bá a ṣe máa pe all-rounder nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù tó tún ń jù ú, lédè Yorùbá, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí orúkọ, ó ti di ìjà láàárín àwọn tó gba ìṣirò gbọ́ àtàwọn tó ní ojú làwọn fi rí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Ẹ̀gbọ́n wa ló dábàá pé ká máa pè é ní gbogbonìṣe, wọ́n sì túmọ̀ ẹ̀ pé ẹni tí àròpín ayò tó ń gbá bá ti ju àròpín ayò tí wọ́n ń gbà lára ẹ̀ lórí wíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (ayò ni àmì tí ẹni tó ń gbá ń kó jọ, wíkẹ́ẹ̀tì ni lílé ẹni tó ń gbá jáde), gbogbonìṣe nìyẹn, ó parí. Ni Àǹtí wa tó wà ní Leeds bá dá wọn lóhùn pé irú ìtumọ̀ wo nìyẹn, pé ẹni tó bá rí Ian Botham, all-rounder England, lọ́dún 1981 ò nílò kẹ́nikẹ́ni bá òun ṣírò nǹkan kan.

Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú orúkọ yẹn kúrò nílẹ̀. Gbogbo wa la mọ gbogbonìṣe, agbo inú ìgò tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò àti ní gáréèjì ni, jẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn ríro, òun náà ló ń wo gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pe èèyàn bẹ́ẹ̀, ohun tí etí Yorùbá máa gbọ́ ni pé kò sí ohun tí ò lè ṣe. All-rounder ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì péré la fi mọ̀ ọ́n, ó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń gbá. Kò sẹ́ni tó ní kó wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn igi mẹ́ta kó máa he bọ́ọ̀lù bíi wicketkeeper.

Ó wá kan ìtumọ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, àmọ́ ìtumọ̀ tẹ́ ẹ mú wá yìí ò lè dúró. Ẹ wo Donald Bradman ará Ọsirélíà, àròpín ayò ẹ̀ nínú Test 52 (Test ni ìdíje ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì) jẹ́ 99.94. Ní gbogbo ọdún tó fi gbá a, bọ́ọ̀lù 160 péré ló jù, wíkẹ́ẹ̀tì méjì ló gbà, ayò 36 ni wọ́n sì gbà lára ẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ 36 kúrò nínú 99.94, ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 64, bẹ́ẹ̀ ti Garfield Sobers ará West Indies tí gbogbo ayé ń wárí fún ò pé 24. Ṣé Bradman ti wá di ọba gbogbo wọn nìyẹn, ẹni tí wọn ò gbé bọ́ọ̀lù fún àfi ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀? Ní òdì kejì ẹ̀wẹ̀, Andrew Flintoff, àròpín ayò ẹ̀ jẹ́ 31.77, èyí tí wọ́n ń gbà lára ẹ̀ jẹ́ 32.78, ìtumọ̀ yín ti lé e jáde pátápátá, Flintoff yìí kan náà tó gbá ayò 402 tó sì gba wíkẹ́ẹ̀tì 24 nínú Test márùn-ún nígbà tí England gba Ashes, ife tí àwọn méjèèjì máa ń dù, lọ́wọ́ Ọsirélíà lọ́dún 2005. Ìtumọ̀ tó gba Bradman wọlé tó wá ti Flintoff síta, ìtumọ̀ yẹn ló ní àìsàn, kì í ṣe àwọn èèyàn náà.

Àǹtí, ó kàn yín báyìí. Pápá Headingley tó wà ládùúgbò yín níbẹ̀, lóṣù keje ọdún 1981, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Botham ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò balógun sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e jáde ní òdo lẹ́ẹ̀mejì nínú Test tó ṣáájú ní pápá Lord's. Ọsirélíà fi ayò 227 ṣáájú, wọ́n ní kí England padà wá gbá, England wá di 135 tí èèyàn méje ti jáde, ìyẹn ni pé wọn ò tíì bo gbèsè tó wà nílẹ̀ pàápàá. Graham Dilley tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ kó máa jù ló wọlé wá bá Botham, àwọn méjèèjì dì í mú, wọ́n fi 117 kún un, Botham sì dúró síbẹ̀ di 149 láìjáde. Ayò 130 péré ni Ọsirélíà nílò, 111 ni wọ́n dé. Ẹni tó bá rí i ò lè gbàgbé, mo gbà.

Àmọ́ ojú tó rí i yẹn náà, ẹ bi í léèrè pé ta ló ju bọ́ọ̀lù tó fọ́ Ọsirélíà. Bob Willis ni, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, ayò 43 péré ló fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ ìtàn yìí, ti Botham nìkan ni wọ́n máa ń sọ, bó bá sì jẹ́ ti Botham náà ni, wọ́n máa ń gbàgbé pé ó gba wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà nígbà tí Ọsirélíà kọ́kọ́ gbá, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ ká mọ̀ pé iṣẹ́ méjèèjì ló ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Inú ìwé la ti rí i. Ojú fẹ́ràn ohun tó bá dún, ìwé ló ń pa èyí tó kù mọ́. Ohun tó sì wà nínú ìwé nípa Botham ju Headingley lọ fíìfíì, Test 21 péré ló fi pé 1,000 ayò àti 100 wíkẹ́ẹ̀tì, ní Bombay lọ́dún 1980 ó gbá 114, ó sì gba wíkẹ́ẹ̀tì 13 nínú Test kan ṣoṣo. Ìṣirò ò bá Botham jà rárá, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ ló ń sá fún un láìnídìí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí, ọ̀rọ̀ Sobers àti Jacques Kallis ti South Africa. Sobers, Test 93, ayò 8,032, àròpín 57.78, wíkẹ́ẹ̀tì 235 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná an ní ayò 34.03. Kallis, Test 166, ayò 13,289, àròpín 55.37, wíkẹ́ẹ̀tì 292 ní 32.65. Tẹ́ ẹ bá ṣe àyọkúrò Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan jẹ́ 23.75, ìkejì 22.72, ẹ ò lè fi àtàǹpàkò yà wọ́n. Àwọn tó rí Sobers máa ń bínú sí i, wọ́n ní kò sí ìfiwéra ńbẹ̀, tí èèyàn bá ní kí wọ́n ṣàlàyé wọ́n á ní ojú ló rí i. Àlàyé wà ńlẹ̀ o, inú nọ́ńbà náà ló wà, wọn ò kàn wò ó ni. Bọ́ọ̀lù 21,599 ni Sobers jù nínú Test 93. Kallis ju 20,232 nínú 166. Ẹ pín in, Sobers ń ju bọ́ọ̀lù bíi 232 nínú Test kọ̀ọ̀kan, Kallis bíi 122. Ìyẹn ni pé ẹrù tí Sobers ń rù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, ẹni yìí kan náà lè sáré wá jù ú kíákíá, ó tún lè dẹwọ́ kó fi ìka yí i, ó tún lè fi ọrùn ọwọ́ yí i. Mi ò ní fi ìdajì ọ̀rọ̀ pa mọ́ ṣá: wíkẹ́ẹ̀tì kan ń gba Sobers tó bọ́ọ̀lù 92, ti Kallis jẹ́ 69, kò sì dáa kí ẹni tó fẹ́ràn Sobers mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ kó wá gbé ìkejì jù sẹ́yìn ilé.

Àròpín ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà tún máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Imran Khan ti Pakistan, gbogbo Test 88 tó gbá, 37.69 ni àròpín ẹ̀, wíkẹ́ẹ̀tì 362 ní 22.81, ó dáa gan-an. Ẹ wá ya Test 48 tó fi jẹ́ balógun sọ́tọ̀, àròpín ayò ẹ̀ ju 50 lọ, èyí tí wọ́n ń gbà lára ẹ̀ jẹ́ 20 lé díẹ̀. Èèyàn kan náà ni. Ta ló pinnu pé 48 yẹn la máa wò àbí 88? Èrò ẹni tó ń ka iye ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ irú ẹni tí wọ́n bá gbá: ní Èkó lóṣù kọkànlá ọdún 2024, Nàìjíríà gbá 271, Ivory Coast wá gbá méje, ẹ̀yin ará, ayò méje, gbogbo wọn sì jáde. Ẹni tó bá gba wíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, mo bá a yọ̀ tọkàntọkàn, àmọ́ kò yẹ ká ro wíkẹ́ẹ̀tì yẹn pọ̀ mọ́ èyí tí èèyàn gbà lọ́wọ́ Ọsirélíà ká tó pín in.

Àbá tèmi rèé. Orúkọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí oyè. Ẹni tó ń wa ọkọ̀, awakọ̀ là ń pè é, yálà ó mọ̀ ọ́n wà àbí kò mọ̀ ọ́n wà, kò sẹ́ni tó ń bi í pé mélòó ló gbé dé Ìbàdàn láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní agbátúnjù fún orúkọ iṣẹ́, ẹni tó ń gbá tó tún ń jù, láìwo nọ́ńbà kankan, Flintoff wà ńbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pápá TBS ní Èkó náà wà ńbẹ̀. Fún oyè, agbátúnjù pọ́ńbélé. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé jù ò dáa torí òfin kíríkẹ́ẹ̀tì ò gbà kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ju òkò, pé tí ìgúnpá bá nà ju ìwọ̀n dígírì 15 lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òótọ́ ni, àmọ́ jù nínú èdè wa ò sọ nǹkan kan nípa ìgúnpá, èyí tí òfin kọ̀ lẹ ó wá orúkọ mìíràn fún.

Pọ́ńbélé ni ìjà wa wà fún. Ìbéèrè tí mo máa bi ẹnikẹ́ni ni pé tí apá kan bá rọ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó jẹ́ pé ó lè gbá nìkan, ṣé wọ́n máa mú un sínú ikọ̀? Tó bá lè jù nìkan ńkọ́? Ìdáhùn ẹ̀ èrò ni, nọ́ńbà ló máa jẹ́rìí sí i. Keith Miller ará Ọsirélíà, àròpín gbígbá 36.97, ti jíjù 22.97, bẹ́ẹ̀ ni lọ́nà méjèèjì. Imran, bẹ́ẹ̀ ni. Botham ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Richard Hadlee, wíkẹ́ẹ̀tì 431 ní 22.29, ta ló máa fi í sílẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú àròpín 27.16 wọn ò ní mú un torí igi nìkan, nítorí náà agbátúnjù ni, kì í ṣe pọ́ńbélé. Kallis náà, níwájú Donald àti Pollock àti Steyn, àwọn tó ń jù fún South Africa, mi ò rò pé wọ́n máa mú un torí jíjù nìkan, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú, kí wọ́n gbé nọ́ńbà tiwọn wá.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀ ni wicketkeeper tó mọ igi lò dáadáa, bí Adam Gilchrist, ayò 5,570 nínú Test 96, àròpín 47.60, tó tún kópa nínú lílé èèyàn 416 jáde látẹ̀yìn igi. Kò ju bọ́ọ̀lù nínú Test rí, agbátúnjù ò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ méjì ló ṣe. Ṣé agbátúnhe ni ká pè é, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ tó dáa jùyẹn lọ?