Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: káàdì tó dáa ń bọ́ sí mi lọ́wọ́, síbẹ̀ owó mi ń tán nídìí pókà

Akọ́rédé_Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni. Mo máa ń ta pókà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Hold'em, lórí fóònù tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ace méjì wà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà kó tèmi. King méjì ló dì mú! King kẹta wá jáde lórí tábìlì ní káàdì ìkẹyìn, King mẹ́ta sì borí Ace méjì. Ó tún fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Mo bọ́ sórí tábìlì tí owó rẹ̀ pọ̀ jù tàtẹ̀yìnwá lọ kí n lè gba owó mi, ibẹ̀ náà tún gbá mi dànù. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Àbúrò mi tí èmi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ń pè mí ní ọ̀lẹ. Ṣé kí n lọ ta á níbòmíì ni? Àbí kí n rọ́jú? Pẹ̀lú bí mo ṣe ti ń pàdánù bọ̀, ó yẹ kó ti kàn mí báyìí.

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Ọmọ mi, jọ̀ọ́ sá fún tẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin l'Ábẹ́òkúta, lọ́tò ló ta títí ilẹ̀ baba wa fi lọ. Á ní nọ́ńbà yìí ti pẹ́ tí kò jáde, ó gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé o ń gbàdúrà?

Tọ́lá_Káàdì: Ẹ má bínú mà, pókà yàtọ̀ sí lọ́tò. Akọ́rédé, Ace méjì máa ń borí King méjì ní nǹkan bí ìgbà 82 nínú 100. Ìyókù ńkọ́? King ló ni ín. O kó owó sílẹ̀ níbi tó yẹ, o sì pàdánù. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ìbínú tó o gbé lọ sórí tábìlì ńlá ló fọ́ ọ lójú. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń po káàdì ní àpòtun, káàdì ò rántí pé o pàdánù lánàá. "Ó yẹ kó ti kàn mí" yẹn ló ń pa ọ́.

Bọ̀dá_Birmingham: Sinmi ná. Eélòó lo ti pàdánù? Owó ta sì ni?

Akọ́rédé_Leeds: Ẹ ṣeun. Mi ò kì í ṣe atatẹ́tẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Tọ́lá, gbọ́ tèyí: £200 wà láàárín tábìlì, £100 nínú rẹ̀ jẹ́ tèmi. Mò ń retí flush (káàdì márùn-ún tí àmì wọn jọra), ó ku káàdì kan ṣoṣo. Ẹni yẹn ta £100 lé e. Mo san án. Báwo ni mo ṣe máa fi £100 mi sílẹ̀?

Tọ́lá_Káàdì: £100 yẹn kì í ṣe tìẹ mọ́ látìgbà tó ti kúrò níwájú rẹ. Káàdì 9 péré ló lè gbà ọ́ nínú 46 tí o ò tíì rí, kò tó 20 nínú 100. Ìwọ wá ń san £100 láti jẹ £300 (£200 tó wà nílẹ̀ àti £100 tó ta lé e), ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ borí ó kéré tán ìgbà kan nínú mẹ́rin kó tó pé ọ.

Kúnlé_Òkè_Adó: Tọ́lá, ìyẹn nìkan kọ́. Tí flush bá jáde, ó lè tún gba owó sí i lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Tọ́lá_Káàdì: Àfi tí ẹni yẹn bá ṣì ní owó níwájú. Akọ́rédé, ṣé ó ní?

Akọ́rédé_Leeds: Rárá. £100 yẹn ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Ilé ọmọ ọlọ́mọ ń dàrú, ẹ ń kọ́ ọ ní ìṣirò!

Kúnlé_Òkè_Adó: Ìṣirò ló béèrè, mà.

Bọ̀dá_Birmingham: Mo tún béèrè o. Owó ta ni?

Akọ́rédé_Leeds: Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mò ń gba àjọ àwa mẹ́wàá níbi iṣẹ́. Mo kàn yá a lò ni. Kó tó di ìparí oṣù màá ti dá a padà, tó bá ti yí sí rere.

Tọ́lá_Káàdì: Há! Gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ nípa káàdì. Ẹni tó ń fi owó tó ní ọjọ́ ìdápadà ta pókà ò lè ronú. Ìbẹ̀rù ò ní jẹ́ kó san nígbà tó yẹ, àìní yóò sì máa tì í láti san nígbà tó yẹ kó ju káàdì sílẹ̀. Má ta á mọ́.

Bọ̀dá_Birmingham: Lálẹ́ yìí, forúkọ sílẹ̀ ní GAMSTOP. Ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ ní Britain ni yóò ti ọ́ mọ́ta: oṣù 6, ọdún 1, tàbí ọdún 5. O ò sì lè fagi lé e kí àsìkò tó pé. Sọ fún báńkì rẹ kí wọ́n dènà owó tẹ́tẹ́. Pe GamCare, àwọn tó ń ran ẹni tí tẹ́tẹ́ ń dà láàmú lọ́wọ́, 0808 8020 133, wọ́n máa ń gbé e tọ̀sán-tòru, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tí àjọ kàn, kó o sọ òótọ́ fún un kí oṣù tó parí.

Akọ́rédé_Leeds: Wọ́n á sọ mí di olè, ẹ̀gbọ́n. £140 ṣì wà lórí ibẹ̀. Mo lè fi ìyẹn...

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Akọ́rédé! Gbà á jáde!

Akọ́rédé_Leeds: Mo ti gbà á jáde mà. Mi ò tíì forúkọ sílẹ̀ níbi GAMSTOP yẹn. Ọdún 5 ti pọ̀ jù.

Bọ̀dá_Birmingham: Mú oṣù 6 ná. Ta ni àjọ kàn lóṣù yìí?

Akọ́rédé_Leeds: Ìyá kan láti Ìlọrin. Owó ilé ló fẹ́ fi san.

Bọ̀dá_Birmingham: Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Èmi àti ìwọ la jọ máa pè é lọ́la.