“Ipa ẹ̀gbẹ́” ni, àbí àkóbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ti ka àwọn àbá tí ẹ dá lórí ìwé pélébé inú páálí ibuprofen àti ti paracetamol, àwọn oògùn ìrora, tí a ń túmọ̀. Ibi tí gbogbo wa há sí ni orúkọ tí a ó pe ohun tí oògùn ń ṣe síni lára, tí kì í ṣe òun la torí rẹ̀ gbé e mì, èyí tí òyìnbó ń pè ní “side effect”. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀: “ipa ẹ̀gbẹ́”, “àtúbọ̀tán” àti “iṣẹ́-àìrán”.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé “ipa ẹ̀gbẹ́” kúrò lọ́nà. Mo ka gbólóhùn tí ẹ kọ, “Oògùn yìí lè ní ipa ẹ̀gbẹ́”, sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin létí. Ó fọwọ́ kan ìhà, ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àbí tòsì?” Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ tó ń dunni ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ òyìnbó nìkan ló lè yé, ìtumọ̀ kọ́ nìyẹn, òyìnbó tó wọ agbádá ni.

“Àtúbọ̀tán” dára ju ìyẹn lọ fíìfíì, àmọ́ ó ní àsìkò nínú. Ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ibuprofen kò bá lára mu kì í dúró de ìgbẹ̀yìn kankan. Inú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lọ́jọ́ náà gan-an. Ibi tí àtúbọ̀tán ti bá a mu gẹ́lẹ́ ni paracetamol tí a lò kọjá ìwọ̀n. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn náà palẹ̀. Bó ṣe ń tú u, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di májèlé, ẹ̀dọ̀ sì ní èròjà kan tó fi ń pa oró rẹ̀, glutathione lorúkọ rẹ̀. Bí oògùn bá pọ̀ jù, èròjà yìí á tán, májèlé á wá dojú kọ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni náà lè máà mọ nǹkan kan lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàbí kí èébì kàn máa gbé e; ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí ìpalára náà tó hàn. Bẹ́ẹ̀, acetylcysteine, oògùn tí wọ́n fi ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là, máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè fún un, kí wákàtí 8 tó pé lẹ́yìn tó gbé paracetamol náà mì. Ẹ fi àtúbọ̀tán pamọ́ síbẹ̀, fún ohun tó ń dákẹ́ kó tó dé.

“Iṣẹ́-àìrán” wù mí, n kò ní parọ́. A rán oògùn sí orí tó ń fọ́, ó lọ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn nínú ikùn. Àmọ́ rán aṣọ àti rán níṣẹ́, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tó bá rí i lára páálí lè máa wá télọ̀. Nǹkan mìíràn tún ń yọ mí lẹ́nu níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ pé iṣẹ́ méjì ni oògùn ń ṣe, èyí tí a rán an àtèyí tí a kò rán an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ibuprofen ń ṣe níbi gbogbo: kì í jẹ́ kí ara pèsè àwọn èròjà tí à ń pè ní prostaglandin bó ṣe yẹ. Àwọn èròjà yìí ló ń jẹ́ kí ojú ibi tó dunni wú, kí ara gbóná, kí ìrora le. Àwọn kan náà ló ń mú kí ikun tó bo inú àpòlúkù nípọn, kí omi kíkan ibẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Àwọn náà ló ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti ráyè dé kíndìnrín. Oògùn kò lójú tó fi ń yan. Bó ṣe ń mú ìrora rọlẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ ló ń ká ààbò kúrò lára àpòlúkù.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí: ọ̀rọ̀ tí a ń wá ti wà lẹ́nu wa, “àkóbá” ni. Ta là ń ṣe àkóbá fún? Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí ọ̀ràn ẹlòmíràn wá kàn. Kí ni àpòlúkù mọ̀ nípa ẹ̀fọ́rí? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe àmín rí sí àdúrà àkóbá-àdábá á lóye “Oògùn yìí lè ṣe àkóbá fún ikùn” láìsí olùtumọ̀.

Ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ náà ti le jù, pé á dẹ́rù bani. Ó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Aspirin, bí àpẹẹrẹ, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Fún ẹni tó lò ó torí ẹ̀fọ́rí, tó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́la, àkóbá ni. Fún ẹni tí dókítà ní kó máa lo ìwọ̀nba rẹ̀ nítorí ọkàn, òun gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ fún un. Irú èyí, ẹ má fún un lórúkọ. Ẹ kàn kọ ọ́ pé “kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì”, ó parí.

Ẹni tó sọ pé “èèwọ̀”, tí a fi pe oògùn tí ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ lò, ń rùn mọ́ òrìṣà, n kò gbà fún un. Oògùn wo làwọn baba wa fúnni láìsọ èèwọ̀ rẹ̀? Ibuprofen jẹ́ èèwọ̀ fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú àti aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ ìkìlọ̀ paracetamol, ẹ kọ “ìlòkulò” níbi tó yẹ kó jẹ́ “àlòjù”. Ìlòkulò ń báni wí. Ẹni tó gbé hóró 2 mì, tó tún mu oògùn òtútù tí kò mọ̀ pé paracetamol wà nínú rẹ̀, kò lo nǹkan nílòkulò. Ó ṣì í lò, ó wá di àlòjù. Bó bá sì jẹ́ acetaminophen ni wọ́n kọ sára èkejì, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Amẹ́ríkà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé oògùn kan náà ni?

Ẹ tún wo “má lò ju hóró 8 lọ lójúmọ́”. Hóró 8 oní mílígíráàmù 500 jẹ́ gíráàmù 4, òpin fún àgbàlagbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojúmọ́ tiwa, mímọ́ ló ń mọ́. Ẹni tó lo ìkẹjọ lóru, tí ilẹ̀ wá mọ́, ó ti ní ojúmọ́ tuntun àti hóró 8 mìíràn lójú ara rẹ̀. “Láàárín wákàtí 24” ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi kún un pé, ó kéré tán, wákàtí 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlò kan sí èkejì.

Ti “apàrora” tí ẹ pe irú oògùn yìí, n kò bá yín jà. Ó dùn létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pa ìrora, ó kàn ń ní kó dákẹ́ fúngbà díẹ̀ ni. Ẹ máa lò ó.